Ẹni Tó Fọn Sasofóònù ní Ọ̀kà

Àwọn mẹ́rin ló ṣe àwo orin jáàsì náà ní Ọ̀kà, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ohùn sasofóònù Adégbóyèga, olórí wọn, kò sí nínú rẹ̀.

Inú ti ń bí Mosúnmọ́lá, tó ń ta gìtá béèsì, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Joseph, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá, ló kọ orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òun náà ló kọ́ Adégbóyèga bí wọ́n ṣe ń fọn sasofóònù, ní pálọ̀ ilé wọn ní Ìkàrẹ́. Àmọ́ nígbà tí Adégbóyèga fi àwòrán ẹ̀yìn àwo tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ hàn wọ́n, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Gbóyèga, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi dà?"

"Mosún, ṣé òkú ló máa wá ṣeré fún èèyàn ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ta gìtá ẹ jàre."

"Ọbẹ̀ ilé wa ò tíì gbẹ lẹ́nu yín o!"

Mosúnmọ́lá ta gìtá náà ṣá. Kò fẹ́ kí orin náà bá ẹni tó ni ín lọ.

Joseph ní òfin kan: ẹni tó ni orin ló ń dá ṣeré kẹ́yìn, àwọn yòókù á dákẹ́. Adégbóyèga gba àyè náà nínú gbogbo orin. Mosúnmọ́lá rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tí òógùn bò ó. Ohun tó ń dún dùn débi pé irun ara dìde. Ṣùgbọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, bàtà á kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí Joseph ti máa ń ṣe: kò, kò. Sálúbàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ Adégbóyèga.

Al-Ameen, tó ń gba ohùn sílẹ̀, ya ìlà fún olúkúlùkù wọn nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ọ padà, ó pa ìlà gìtá, ó pa ti dùùrù, ó pa ti ìlù. Ìlà Adégbóyèga ló kù: èémí lásán, bí ẹni ń fẹ́ná. Ó pa ìyẹn náà. Sasofóònù ṣì ń dún.

"Àǹtí, mo ti pa gbogbo ẹ̀ o," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Sasofóònù ta nìyí?"

"Ti Joseph ni. Èmi ni mo gbé e tì í nínú pósí," ni Mosúnmọ́lá dáhùn.

Adégbóyèga gbé sasofóònù rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dùn ju tèmi lọ," ló wí. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan orúkọ."

Ó jí orin òkú, ó tún ń jí èémí rẹ̀! Mosúnmọ́lá gbé gìtá rẹ̀, ó jáde.

Lóṣù kẹta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ àwo náà ní Ìkàrẹ́. Adégbóyèga gbé sasofóònù sẹ́nu níwájú èrò, atẹ́gùn ló jáde. Mosúnmọ́lá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbọ́ bàtà lẹ́yìn rẹ̀: kò, kò. Ṣùgbọ́n sasofóònù kankan ò dún tẹ̀lé e.

Sasofóònù Adégbóyèga ò tíì dún títí di òní. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ṣì wà lẹ́yìn àwo.