Ta Ló Ba Ojú Ìlù Horatio Jẹ́?

Inú gọ́tà ni wọ́n ti rí ìlù náà ní Lafiaji, ó dojú bolẹ̀ bí ọ̀mùtí. Horatio yí i padà. Ó figbe ta. Ojú ìlù ti súnkì, ó rún bíi tàtàṣé tí oòrùn pa.

Ìlù yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlù kan! Onígun mẹ́rin ni, bí ìlù àṣíkò àtijọ́, ṣùgbọ́n Horatio to aro, irin pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́, sí ikùn rẹ̀, ó gé wọn bí ewé. Bí o bá lù ú, á kọ́kọ́ dún nísàlẹ̀, gbìì! Aro á wá tẹ̀lé e, ṣììì, bí òjò lórí páànù. Òun ni Horatio fẹ́ gbé jáde níjó ìgboro Àjíǹde lọ́la.

Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Angela ni! Kó ẹrù ẹ, máa lọ sílé ìyá ẹ!"

Tóò, ẹnu Angela ló ko bá a. Bó bá ń gbálẹ̀, orin tó máa ń kọ nìyí:

*Ìlù ni ìyàálé, èmi ni ìyàwó,*
*Ìlù sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi sùn sórí ẹní,*
*Ọjọ́ tínú bá bí mi, màá lu ìyàálé mi fọ́ o!*

Ará ilé ránṣẹ́ pe Ìbídùn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tó dé, Angela ti jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ń sunkún.

Ìbídùn gbóòórùn ìlù náà. Èédú. Eérú wà lára igi rẹ̀. Kò sí ojú ọ̀bẹ. Ó lù ú: ojú ìlù dákẹ́, aro nìkan ló ń ké nínú.

"Bọ̀dá Horatio, awọ kí lẹ fi ṣe é?"

Horatio rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rá ni, irú èyí tó ń wà lójú dúrọ́ọ̀mù òyìnbó. Mo kùn ún kó jọ awọ ewúrẹ́, káwọn àgbà má fi mí ṣẹ̀sín."

"Ta ló mọ̀?"

"Angela tó bá mi fà á, àti Wàsíù tó tà á fún mi."

Ìbídùn tọ Angela lọ. "Àǹtí Angela, ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Ì bá wù mí! Ó ń nu aro tàárọ̀ talẹ́, kò bi mí bóyá mo jẹun. Mo jowú ẹ̀, n ò parọ́. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni, ọmọ odó ni màá fi lù ú já. Màá tún jókòó sórí ẹ̀!"

Wàsíù, tó ń lu dúrọ́ọ̀mù níbi ìgbéyàwó, dé, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀sín.

"Madam, inú ń bí mi sí i, I no go lie. Símbà mi, aro dúrọ́ọ̀mù, fẹ̀ tó ọpọ́n, síbẹ̀ bí ìkòkò jíjó ló ń dún. Mo ní kó ta ìlù yẹn fún mi, ó ní láéláé."

"Bí òjò bá rọ̀ sí tìẹ, kí lo máa ń ṣe?"

"Ọ̀rá kì í bẹ̀rù òjò. Síkúrúù ni mò ń yí."

Ó ku Bàbá Jeremiah nílé kejì, tó kọ́ Horatio ní àṣíkò lílù. Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i. Horatio àti Wàsíù dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, òjò àná pọ̀ o. Bẹ́ẹ bá fẹ́ lu ìlù nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Ọmọ mi, ta ni ò mọ̀yẹn? Màá fi yáná. Awọ ewúrẹ́ tó bá tutù, kò lóhùn."

"Bàbá, ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́, ọ̀bẹ ló máa mú. Ẹni tó gbé e síná, ó fẹ́ kó dùn ni. Angela àti Wàsíù mọ̀ pé ọ̀rá ni. Ẹ̀yin lẹ rò pé ewúrẹ́ ni."

"Ọ̀rá?" Bàbá fò dìde. "Horatio, ọ̀rá lo fi tàn mí?"

Ó tún jókòó wọ̀ọ̀.

"Èmi ni. Horatio àti ìyàwó ẹ̀ wà ní pálọ̀ lánàá, òjò ń pariwo, mo bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀pá ìlù. Ní báyìí, òun ni wọ́n ń pè. Ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Bí aro yẹn bá ń dún, àyà mi á máa jó. Mo ní kó dún lọ́wọ́ tèmi náà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo gbé e sókè ìkòkò èédú. Ló bá ń ká kò. Ẹ̀rù bà mí, mo jù ú sí gọ́tà."

Horatio ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó rìn lọ sí géètì.

"Angela, dìde, jẹ́ kí n gbé àpótí ẹ wọlé."

"Dìde bí i ti báwo? Bó o ṣe lé mi jáde níṣojú àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe gbé mi wọlé. Tèmi tàpótí!"

Horatio bẹ̀rẹ̀, ó gbé e tì. Ará àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Wàsíù di etí àpótí kan mú. Bàbá Jeremiah náà di etí kejì mú. Wọ́n gbé ìyàwó lọ pálọ̀ bí ọba.

Angela sọ̀ kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Bàbá, ẹ jókòó, mò ń gbé oúnjẹ yín bọ̀. Wàsíù, jókòó. Horatio, ìwọ máa dúró bẹ́ẹ̀."