Atọ́pasẹ̀ Kò Rí Ọmọ Ògúnṣọlá

"Tí Bàbá Ògúnṣọlá kì í bá ṣe bàbá yín, Ìyá Àgbà, ta wá ni bàbá yín?"

Tiwalolú ló béèrè, láti orí itan Ìbídùn ìyá rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fa egungun lé àwọn ẹbí lọ́wọ́. Ìyá Àgbà, tó bí ìyá Ìbídùn, ń wo ẹ̀rọ tó wà níwájú wọn bí ẹni tí ọmọdé gbá létí lójú agbo.

Atọ́pasẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Láyé ìgbà yẹn, oòrùn ló ń tan iná gbogbo ìlú, àwọn èèyàn sì ń lọ sórí òṣùpá bí ẹni ń lọ oko, àmọ́ àwọn ará ìlú Òkè-Èédú kò tíì gbàgbé kòtò tí àwọn baba wọn ti ń wa èédú. Lọ́jọ́ tí kòtò náà wó, ó gbé àwọn ọkùnrin mì, kò sì bì wọ́n padà. Ní báyìí kòkòrò irin ti wọlé lọ hú egungun wọn. Atọ́pasẹ̀ á tọ́ egungun wò, á tọ́ itọ́ alààyè wò, á sì sọ ẹni tó ni òkú. Egungun tí kò bá rí ẹbí á padà sínú kòtò, wọn á sì fi kọnkéré dí ẹnu rẹ̀.

Ìyá Àgbà ti gbẹ́ sàréè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀, ẹni tó bẹ̀ ẹ́ kó tó kú pé kó má jẹ́ kí òun nìkan sùn. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe sọ pé Ògúnṣọlá kọ́ ló bí obìnrin yìí, pé ọmọ àbúrò rẹ̀ ni, Ṣówándé nìkan sì ni àbúrò tó ní.

Ọ̀mọ̀wé Adéwọyin, ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà, kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀rọ yìí kì í purọ́."

"N kò pè é ní òpùrọ́. Aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni mo pè é. Ta ní í dé ilé onílé tí í máa sọ bí wọ́n ṣe bímọ níbẹ̀?"

Ìyá Àgbà wá ṣàlàyé fún Ọ̀mọ̀wé. Nílé wọn, bí ọkùnrin bá kú láìbímọ, àbúrò rẹ̀ á ṣú opó rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá bí á sì máa jẹ́ ti òkú, kí koríko má baà hù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún Ìyá Àgbà rí ni pé òun gan-an ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní oyún rẹ̀ ti wà nínú òun kí kòtò tó wó.

Ọ̀mọ̀wé ní ọ̀nà kan ṣì wà. Ọmọ àbúrò lè gba egungun, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹ̀rọ pé òun kì í ṣe ọmọ olóògbé. Lára ògiri ìrántí àwọn tó kú nínú kòtò, wọn á kọ ọ́ pé Ògúnṣọlá kò bímọ.

Ìbídùn ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù sì ń bà á kí ọkàn ìyá àgbàlagbà yìí má lọ dáṣẹ́ sílẹ̀.

"Bí mo bá sọ ọ́, mo ti ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ pa," ni Ìyá Àgbà wí. "Bí n kò bá sì sọ ọ́, mo fi í sílẹ̀ nínú kòtò." Ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà. "Ọmọ Ṣówándé ni mí."

Orí itan ló gbé àpótí egungun náà lé délé. Lọ́nà, ó sọ fún Ìbídùn pé Bàbá Kékeré lòun máa ń pe Ṣówándé, pé ọrùn ló ń gbé òun kọ́ lọ sílé ìwé. "Lọ́jọ́ kan tó bá mi wí, mo ní bàbá mi wà nínú kòtò, pé òun kọ́ ni bàbá mi. Láti ọjọ́ náà, kò bá mi wí mọ́ títí tó fi kú."

Wọ́n sin Ògúnṣọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, síbi sàréè Ṣówándé lábẹ́ igi kajú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìbídùn gbọ́ tó ní, "Bàbá mi," lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ tí kò jẹ rí wò.

Lórí ẹní, Tiwalolú tún béèrè ìbéèrè rẹ̀.

"Ẹni tó gbé mi kọ́rùn lọ sílé ìwé ni," ni Ìyá Àgbà dáhùn.

Ọmọ náà ti sùn. Ìbídùn dùbúlẹ̀ láìpajúdé, ó ń fetí sí èémí ìyá àgbà, títí èémí náà fi di ìhanrun. Ìgbà náà ló tó paná, tí oorun sì gbé òun náà lọ.