Ọmọ Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé

Ìyádùnní sọ báàfù gàrí kalẹ̀ lẹ́bàá géètì, ó fi etí ìró nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì yọjú láàárín irin wo inú ọgbà náà gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì funfun kan ló dá dúró síbẹ̀ lójú ọ̀nà Ìgbẹsà, ilé mìíràn kò sí nítòsí rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ pọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ fẹ̀, igi ọsàn sì tò lọ lẹ́yìn rẹ̀ títí ojú kò fi rí òpin wọn mọ́. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri iwájú pé: ILÉ YÌÍ WÀ FÚN TÍTÀ.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Kí ó tó rí báàfù rẹ̀ gbé, bàbá arúgbó kan ti yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Sàlàkọ́ ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ ilé náà.

"Ẹ káàsán, Bàbá," ni Ìyádùnní wí, ó sì kúnlẹ̀.

"Káàsán, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń rí ọ níbi géètì yìí. Kí lò ń wá?"

Kò sí ohun tó ń wá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Láti àárọ̀ ni kò ti jẹun, ọrùn ń dùn ún, ọ̀nà tó kù tí yóò rìn kó tó débi tí yóò ti rí ọkọ̀ Sàǹgó kò sì kéré. Bó bá ti dúró wo ilé yìí díẹ̀, ara a máa tù ú. Ṣùgbọ́n ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá mi ló ní kí n máa wá wò ó, sà. Wọ́n fẹ́ ra ilé náà."

Sàlàkọ́ wò ó láti òkè délẹ̀, ó tún wo báàfù gàrí. Ìyádùnní yára fi kún un pé ìyá kan ládùúgbò àwọn ló bẹ òun láti bá a ra gàrí bọ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ṣí géètì.

Ọdún 1988 ni. Ọdún kẹrìnlá rèé tí Ògúntóyè, bàbá Ìyádùnní, ti kúrò ní Ìkìrun wá sí Sàǹgó Ọ̀tà, tó sì ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sáàpù dé, aró àti irin ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ náà ń rà láti òkè òkun ti wọ́n kọjá agbára. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà di ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Yàrá kan ṣoṣo ni Ògúntóyè, ìyàwó rẹ̀ Àtinúkẹ́ àti ọmọ wọn mẹ́ta ń gbé nínú ilé tí ayálégbé kún fọ́fọ́. Àtinúkẹ́ ló máa ń ra gàrí láti Ìgbẹsà wá tà ní Sàǹgó, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, Ìyádùnní tó jẹ́ àkọ́bí gba iṣẹ́ náà ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó sì ku oṣù díẹ̀ kó ṣe ìdánwò àṣejáde.

Lọ́jọ́ náà, Sàlàkọ́ mú un yí gbogbo ilé ká. Ó fi pálọ̀ hàn án, ó fi yàrá mẹ́fà hàn án, ó fi kànga hàn án. Lókè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé láti inú oko ọsàn, kò sí ariwo ẹnikẹ́ni. Ìyádùnní jókòó lórí pèpéle ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ojú. Ó rí ìyá rẹ̀ tó na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí nínú yàrá tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ní yàrá kejì, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń sùn láìsí ọmọ tó ń sunkún. Ó rí ara rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì tirẹ̀.

"Ilé rere ni," Sàlàkọ́ wí. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà níbí. Èmi ni mo gbin ìlàjì àwọn ọsàn yẹn. Onílé náà kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Ìkẹjà sì ní òun kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́." Ó yíjú sí Ìyádùnní. "Bí bàbá rẹ bá rà á, èmi àti ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ẹ ò ní lọ síbì kankan, sà. Bàbá mi ní ẹ ó máa bá wa gbé ni."

 Bàbá náà jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn fún un.

Láti ọjọ́ náà, Ìyádùnní kò dúró síta géètì mọ́. Bó bá ti ra gàrí tán, a yà síbẹ̀. Rùkáyátù, ìyàwó Sàlàkọ́, a gbé àga fún un, a fún un ní àgbàdo sísè, a sì máa pè é ní "ọmọ onílé wa." Irọ́ náà ń gùn sí i. Bàbá rẹ̀ di máníjà. Bàbá rẹ̀ rìnrìn-àjò lọ ra ẹ̀rọ. Bàbá rẹ̀ yóò wá wo ilé náà fúnra rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Nílé, tó bá jókòó láti kàwé, ẹ̀yìn ìwé físíìsì rẹ̀ ló máa ń ṣí, níbi tó ti ya yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí. Ó ń to bẹ́ẹ̀dì sí wọn, ó ń yan àwọ̀ kọ́tìnnì. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò ìmúrasílẹ̀ nílé ìwé, àmì tó gbà nínú físíìsì kéré débi pé olùkọ́ pè é síta béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá.

"Ara mi yá, sà," ló dáhùn.

Ní Sátidé kan, Sàlàkọ́ ń dúró dè é ní géètì. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

"Ọmọ mi, ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Àgbárá tó ń jẹ́ Ògúnṣọlá. Ó ń sin adìyẹ. Ó ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ oko fún un, yóò sì fún un ní yàrá. Ó ní kí n fún òun lésì kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo fẹ́ kí o sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n dúró de bàbá rẹ?"

Rùkáyátù náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

Ìyádùnní mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọn yóò ti géètì náà mọ́ ọn, yóò tún máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí bí àlejò. Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ó rò ó pé bóyá nǹkan kan yóò ṣẹlẹ̀ kí irọ́ náà tó tú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí nǹkan náà lè jẹ́.

"Ẹ dúró, sà," ló wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Sàlàkọ́ dáhùn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Ìyádùnní ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn nígbà tó rí ọmọkùnrin kan tó ń fọ̀nà han ẹnì kan nínú ọgbà ilé wọn. Sàlàkọ́ ni. Ó wọ agbádá kan tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, eruku ọ̀nà sì ti bo bàtà rẹ̀. Ẹ̀wà dà nù lọ́wọ́ Ìyádùnní.

"Haà, ọmọ mi! Mo ti dé ẹnu géètì iléeṣẹ́ wọn, mo béèrè máníjà Ògúntóyè. Ńṣe ni wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ògúntóyè kan ṣoṣo tí àwọn mọ̀, wọ́n ti dá a dúró lọ́jọ́ Ajé. Mo ní ìyẹn kọ́ ni mò ń wá. Mo bá ń fi orúkọ rẹ béèrè kiri Sàǹgó títí ọmọkùnrin yìí fi mú mi débí. Níbo ni bàbá rẹ wà?"

Ògúntóyè gbọ́ ohùn àlejò, ó dìde jókòó lórí ẹní. Láti ọjọ́ Ajé ni kò ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya ló wọ̀. Ó ní, "Ẹ wọlé, Bàbá. Èmi ni Ògúntóyè."

Sàlàkọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹní. Ó wo àpò gàrí tó wà ní kọ̀rọ̀, ìkòkò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ gbogbo ilé tó kọ́ sórí okùn kan. Lẹ́yìn náà ló wá wo Ìyádùnní.

"Ìyàwó olóògbé ránṣẹ́ sí mi," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Iléeṣẹ́ kan fẹ́ ra ilé náà, wọ́n fẹ́ fi ṣe ibi ìkẹ́rùsí. Ó ní bí ẹni tí mò ń sọ nípa rẹ̀ bá ṣe tán, kó wá kó tó di ọjọ́ Ajé. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

"Ilé wo, Bàbá?" Ògúntóyè béèrè.

 Ìyádùnní ti kúnlẹ̀, ó ti dorí kodò.

"Ìyádùnní, ilé wo ni wọ́n ń sọ?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ dópin, títí kan ọ̀rọ̀ Ògúnṣọlá. Nígbà tó parí, Àtinúkẹ́ tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fi ọwọ́ bo ojú.

"Ẹ fún mi lómi," ni Sàlàkọ́ wí. Ó mu ún tán. "Ògúnṣọlá ti gba ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí mo lọ sọ fún un pé mi ò wá mọ́, ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú." Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. "Mi ò bínú, ọmọ mi. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyádùnní ju bí ì bá ṣe dùn ún tó bá gbá a létí. Ògúntóyè wọ bùbá rẹ̀, ó sin bàbá náà dé gáréèjì. Nígbà tó padà, Ìyádùnní ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń retí ìbáwí. Ògúntóyè jókòó tì í sílẹ̀.

"Ṣé ilé náà dára?" ló béèrè.

"Ó dára, sà."

"Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Sàǹgó, mo máa ń rò ó pé láàárín ọdún márùn-ún, n ó kọ́ irú rẹ̀ sí Ìkìrun. Mo ti yan ibi tí n ó gbẹ́ kànga sí." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò sí ẹni tó pàdánù nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi èmi. Ìwọ ní tìrẹ, o mú èrò ọkàn tìrẹ, o fi lé bàbá arúgbó náà lọ́wọ́ bí òótọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó jọ lọ síbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé Ìgbẹsà, àwọn lébìrà iléeṣẹ́ náà ti ń wọn ilẹ̀, wọ́n sì ti gé ìlà ọsàn àkọ́kọ́ lulẹ̀. Sàlàkọ́ àti ìyàwó rẹ̀ ń di ẹrù. Ìpókíá ni wọ́n ń lọ, lọ́dọ̀ àbúrò Rùkáyátù, tí kò ní àyè púpọ̀ fún ara rẹ̀. Ògúntóyè ru àpótí wọn lọ sínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù. Ìyádùnní kó ìkòkò, ó ká ẹní, ó kó adìyẹ méjì sínú àgò. Ó kúnlẹ̀ kí Rùkáyátù. Ìyá náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i, ó wọ inú ọkọ̀, ó sì kọjú síwájú.

Ìyádùnní ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó yege nínú iṣẹ́ mẹ́rin, físíìsì kò sí lára wọn, nítorí náà ó ní láti tún un ṣe lọ́dún kejì. Bàbá rẹ̀ ń bá àwọn ènìyàn tẹ búlọ́ọ̀kù ní ẹ̀yìn Ọ̀tà. Ní gbogbo àsìkò náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Ìyádùnní kò rántí ìyá tó kọjú síwájú nínú ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí ilé ìwé wọ ìsinmi, ó wọkọ̀ lọ sí Ìpókíá, ó sì béèrè ilé wọn títí ó fi rí i.

Sàlàkọ́ ń hun agbọ̀n níwájú ilé. Ó ti rù. Ó ní, "Ìwọ rèé?" ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyádùnní gbé gàrí tó rà wá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Ó pẹ́ kí Rùkáyátù tó jáde láti inú ilé. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì ti àpótí ìjókòó kan sí i.

"Jókòó. Ṣé bàbá rẹ ti rí iṣẹ́?"

"Rárá, mà. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń bá àwọn ènìyàn tẹ̀. Yàrá kan yẹn náà la ṣì wà."

Ọ̀rọ̀ òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ fún ìyá náà nípa bàbá rẹ̀ nìyẹn. Rùkáyátù mi orí, ó sì wọlé lọ bu omi fún un.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ọmọ tálákà máa ronú nípa ilé ńlá, pàápàá nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí ìrònú yín mọ lọ́dọ̀ yín títí ẹ ó fi ṣiṣẹ́ dé ibẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún ẹlòmíràn bí ohun tó ti dájú, ẹni náà lè jọ̀wọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ kò sì ní ní ohun tí ẹ ó fi san án padà.