Ìlẹ̀kùn tí Sẹ́nétọ̀ Skogen Tì Mọ́ Ara Rẹ̀

Lorna Skogen ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì nígbà tí ife kọfí bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Ife náà kò fọ́. Ó yí gbirigbiri lórí tábìlì, kọfí sì ṣàn dé abẹ́ àwo ẹyin. Arlen kò nawọ́ sí i. Ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n gbàgbé síwájú rẹ̀.

"Arlen? Kí ló dé?"

Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Lorna dìde dúró. Ó di ọ̀bẹ bọ́tà mú, kò mọ ibi tí ó máa gbé e sí. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkọ rẹ̀ tó mí kanlẹ̀, kí ó sì na ìka rẹ̀ márààrún.

"Ó ti lọ. Wò ó. Oorun tí mi ò sùn ló ń gbẹ̀san."

"Jẹ́ kí n pe dókítà."

"Lónìí kẹ̀? Lónìí kọ́, Lorna."

Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí Arlen ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìkórè àlìkámà ní abúlé wọn, tí ó sì wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ó lo ọdún mẹ́jọ ní ilé aṣòfin kékeré, ó sì ti lo mẹ́fà ní ilé aṣòfin àgbà. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni pé kí ó máa wá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá dìbò, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tàbí nílé ọtí. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nínú ilé. Gbogbo ènìyàn ló mọ káàdì pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó máa ń gbé sí àpò àyà. Orí káàdì náà ni ó ń fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àwọn tó máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí, àwọn tó máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ kọ́," àti àwọn tí ọkàn wọn ń mì.

Ní àárọ̀ yẹn, ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni mẹ́rìnlélógún ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àga kan ṣófo. Sẹ́nétọ̀ Buhl tó ni ín kú ní oṣù kejì, aṣọ dúdú ni wọ́n tẹ́ lé e. Òfin tí wọ́n fẹ́ dìbò lé lórí ni èyí tí kò ní jẹ́ kí wọ́n ti ilé ìwòsàn kéékèèké méje pa ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ibi tí a ti bí Arlen. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sọnù nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, ìbò á di ọgbọọgba. Nínú ilé yẹn, ìbò ọgbọọgba, òkú òfin ni.

"Bí wọ́n bá gbọ́ pé ara mi kò yá," Arlen wí, "àwọn tí ọkàn wọn ń mì á sá lọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣèlérí fún mi."

Lorna ṣèlérí. Ó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kò tọ́. Ó gbàdúrà kékeré bí ó ti ń nu kọfí náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ènìyàn bá gbé mì, inú ni ó ti ń jẹ ẹni náà.

Ní aago mẹ́wàá, ó jókòó sí òkè, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wo ilé. Wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni tí ó bá pariwo láti òkè, a ó mú un jáde. Yìnyín ti bo gbogbo fèrèsé. Lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, Arlen dìde, ohùn rẹ̀ sì dún ketekete.

"Ọ̀gá Alága, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a pe ilé jọ."

Ẹni tí kò mọ ilé yẹn lè rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má jáde títí ìbò yóò fi parí, ì báà jẹ́ láti lọ tọ̀. Nítorí àwọn tí ọkàn wọn ń mì ni Arlen ṣe bẹ̀bẹ̀ fún un. Lorna gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ dún nísàlẹ̀. Aago ògiri fi mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje hàn.

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó di aago mọ́kànlá ààbọ̀, Marko Sestrich dìde. Òun ni olórí ẹgbẹ́ kejì, ọmọ awakùsà, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

"Ọ̀gá Alága, ọ̀rẹ́ mi alálìkámà ti tì wá mọ́lé bí adìyẹ. Ṣé kò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn adìyẹ tirẹ̀ mọ́ ni?"

Ilé rẹ́rìn-ín. Arlen dìde láti fèsì, pẹ́ńsùlù sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì wá a nílẹ̀, kò rí i. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ń fà, ó ń lọ́ mọ́ra wọn bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ gbígbóná lẹ́nu.

"Ọ̀gá, kí lẹ fi lú kọfí àárọ̀ yìí?" ẹnì kan kígbe. Ilé tún rẹ́rìn-ín.

Lorna kò rẹ́rìn-ín. Ó rí i láti òkè pé apá ọ̀tún ẹnu ọkọ òun ti já wálẹ̀, bí aṣọ fèrèsé tí ìṣó rẹ̀ kan ti yọ. Ojú rẹ̀ lọ sórí àga tí aṣọ dúdú wà. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

Bernadette Azure, aṣọ́nà ilé, ló jókòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn ńlá náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Kí ó tó gba iṣẹ́ yìí, ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ṣe nọ́ọ̀sì nínú ọkọ̀ áńbúláńsì.

"Ìyáàfin Skogen, mi ò lè ṣí i o. Ọkọ yín fúnra rẹ̀ ló ní kí n tì í."

"Ẹnu rẹ̀ ti wọ́!"

Bernadette dìde dúró. "Apá ńkọ́?"

"Ọwọ́ ọ̀tún kò di nǹkan mú."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀?"

"Ó ń fà. Wọ́n rò pé ó mutí."

"Ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ pé? Ẹ rò ó dáadáa."

"Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje, nígbà tí ó ní kí ẹ ti ìlẹ̀kùn."

"Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe é rí?"

Lorna yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó rántí ìlérí àárọ̀.

"Ìyáàfin, mo ti gbé àwọn tí ìyàwó wọn pa àṣírí mọ́ fún. Mo mọ ibi tí a gbé wọn lọ. Ẹ sọ ọ́."

"Láàárọ̀ yìí," Lorna wí, ẹkún sì bọ́. "Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ."

"Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Tàárọ̀ yẹn, ó kan ìlẹ̀kùn ni. Ó ti wọlé báyìí." Bernadette ti ń pe áńbúláńsì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó sọ irú àìsàn náà, ó sọ àkókò, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ ìlẹ̀kùn. "Bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n lé mi. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́ẹ̀kan, mo mọ bí wọ́n ti ń ṣe é."

Ìlẹ̀kùn ṣí. Alága lu tábìlì gbàgà. "Ta ló ṣí ìlẹ̀kùn yẹn?"

"Èmi ni, sà. Rọpárọsẹ̀ ló mú Sẹ́nétọ̀ Skogen."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo ilé. Aṣòfin kan sáré gbé omi àti àsípírìn wá.

"Ẹ má fún un!" Bernadette wí. "Omi lè gba ọ̀nà èémí lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń ya nínú ọpọlọ, oògùn yẹn á dá kún un."

Lorna di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ó tutù. "Arlen, jẹ́ ká lọ."

Arlen mi orí. Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí káàdì rẹ̀. "Ì...bò," ó wí. Ilé ìwòsàn méje. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò ní kúrò níbẹ̀.

Nígbà náà ni Marko Sestrich kọjá sí apá ọ̀dọ̀ wọn, ìwé pélébé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣà kan wà nínú ilé yẹn tí wọ́n ń pè ní ìsopọ̀: ẹni méjì tí ìbò wọn kọjú ìjà síra wọn á fọwọ́ sí ìwé kan, àwọn méjèèjì kò sì ní dìbò, kí ẹni tí ó lọ má baà pàdánù nǹkan kan.

"Marko, má ṣe é!" àwọn ènìyàn rẹ̀ kígbe. "Bó bá lọ, a ti borí!"

"Ẹ panu mọ́," ó wí láìwẹ̀yìn. "Arlen, mo so ìbò mi mọ́ tìrẹ. Fọwọ́ sí i, kí o máa lọ, kí n rí ẹni bá jà lọ́dún tó ń bọ̀."

Ó fi pẹ́ńsùlù sí i lọ́wọ́ ọ̀tún. Arlen gbìyànjú láti kọ orúkọ rẹ̀. Pẹ́ńsùlù náà fa ìlà kan ṣoṣo, ó kọjá etí ìwé, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti kọ orúkọ gbogbo ènìyàn fún ọdún mẹ́rìnlá kò lè kọ tirẹ̀. Ó gbójú sókè wo Lorna. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra, Lorna kò rí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí.

Arlen gba pẹ́ńsùlù sí ọwọ́ òsì, ó sì fa àgbélébùú wọ́gọwọ̀gọ kan.

"Ìyẹn tó," Sestrich wí. "Bí ayé ò bá mọ ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, èmi mọ ọwọ́ ọ̀tá mi."

Nínú áńbúláńsì, Lorna ń kọ orin ìsìn ní ohùn jẹ́jẹ́, kò sì rántí ìlà kejì. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ Arlen, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà, wọ́n sì fún un ní oògùn tí ń tú u. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú ogún ni.

"Nítorí pé ẹ mọ àkókò ni a ṣe lè fún un," dókítà wí. "Bí ó bá kọjá nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀, a kì í lè fún ènìyàn mọ́. Ṣùgbọ́n ìyáàfin, ká ní ẹ ti pè wá láàárọ̀..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Lorna ń parí rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí di òní.

Òfin náà wọlé, mẹ́rìnlélógún sí mẹ́tàlélógún. Arlen kò ṣe olórí mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í kọ̀wé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń lọ láti gbọ̀ngàn ìjọ kan sí òmíràn pẹ̀lú Lorna àti Bernadette, ó ń ní kí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín músẹ́, kí wọ́n gbé apá méjèèjì sókè, kí wọ́n dárúkọ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ó máa ń fi àgbélébùú wọ́gọwọ̀gọ yẹn hàn wọ́n.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ó ń sọ fún wọn náà ni a ń sọ fún yín. Bí ojú ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́ sí apá kan, bí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń fà, ẹ má sọ pé àárẹ̀ ni, ẹ má sì sọ pé ọtí ni. Ẹ wo aago, kí ẹ sì rántí ìgbà tí ara rẹ̀ pé gbẹ̀yìn. Ẹ pe áńbúláńsì. Bí kò bá sí, ẹ wá ọkọ̀ tí ó máa yá jù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ má fún un ní oúnjẹ, omi tàbí oògùn lójú ọ̀nà. Bó bá ṣe é tí ó sì lọ fúnra rẹ̀, ẹ ṣì gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ohun tí ó kan ìlẹ̀kùn ń padà bọ̀. Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò kí àrùn náà tó kan ìlẹ̀kùn.

Bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá sì ní kí ẹ ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ, ẹ fẹnu kò ó lórí, kí ẹ sì pe áńbúláńsì. Ọlọ́run kò ní ka ìlérí yẹn sí yín lọ́rùn.