Èèkàn Iwájú Ilé Monica

Nígbà tí Láńrewájú kọ́kọ́ rí Monica, èèkàn mọ́kànlá ló wà láyà obìnrin náà bí ìdì igi ìdáná, ìkejìlá ló sì ń fà tu lọ́wọ́. Amọ̀ pupa ti kun ìró tó fi ń lọ ṣiṣẹ́ tíṣà dé orúnkún. Àtàárọ̀ ni Láńrewájú ti ń kan àwọn èèkàn yẹn mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí inú bí i, àmọ́ ńṣe ló dúró tó ń wò ó bí ẹni tí kò rí obìnrin rí.

"Tíṣà, iṣẹ́ kánsù lẹ ń tú yẹn o."

"Bàbá mi ló wà lábẹ́ iṣẹ́ kánsù yín." Monica nawọ́ sí ojú oórì bàbá rẹ̀, Sylvanus, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ síwájú ilé wọn.

Ọdún 1988 ni. Kánsù fẹ́ la ọ̀nà Upenmen, abúlé Monica lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ìwé òfin wọn sì pín ọ̀nà abúlé sí mẹ́ta: pópó ńlá jẹ́ ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ní fífẹ̀, ọ̀nà àdúgbò jẹ́ méjìdínlógún, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì jẹ́ márùn-ún. Láńrewájú, awọnlẹ̀ ọmọ Ìkìrun tó kàwé ní Pólì Ọ̀wọ̀ àmọ́ tí kò gbọ́ èdè Ọ̀wọ̀, ti kọ iwájú ilé Monica sílẹ̀ bíi pópó ńlá. Bẹ́ẹ̀, ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà yóò gba orí òkú kọjá.

Ó padà wá bẹ̀bẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Kí oṣù tó pé, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára. Màmá Agatha, ìyá Monica, ló kọ̀ jálẹ̀. Ó fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ ọ́ pé ẹni tó fẹ́ gbé katakata gun ọkọ òun lórí kò ní jẹun nílé òun.

"Kí ni màmá wí?" Láńrewájú béèrè.

"Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́." Monica fọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́nu.

"Olólùfẹ́ mi, mo lè yí ìwé yẹn padà. Ta ló máa mọ̀?"

Ojú Monica le. "Èmi á mọ̀. Bàbá mi ò fi èrú gbé ayé, wọn ò ní fi èrú sinmi. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé pópó ńlá ni?"

Ìtìjú mú Láńrewájú. Ọjọ́ Àìkú ló wá wo ìlú, ó rí èrò tó ń rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì rò pé bí ọ̀nà náà ṣe ń kún lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ni wọ́n bá ka ọkọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Monica mú ṣọ́ọ̀kì àti síléètì, ó jókòó síwájú ilé. Láńrewájú wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kòkó ń gbà. Ọkọ̀ mẹ́rin péré ló gba iwájú. Mọ́kànléláàádọ́ta ló gba ẹ̀yìn.

"Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ náà lo fẹ́ pa á rẹ́?" ọ̀gá rẹ̀, Fàsásì, bi í. "Àbí obìnrin ni?"

"Obìnrin ló fi àṣìṣe mi hàn mí, sà. Ẹ wá fojú ara yín kà á."

Fàsásì wá, ó kà á títí oòrùn fi kanrí, ó sì buwọ́ lùwé. Iwájú ilé di ọ̀nà àdúgbò, ojú oórì sì bọ́ lọ́wọ́ katakata. Àmọ́ pópó ńlá bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sì gba ilé ìdáná Màmá Agatha. Láńrewájú fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ìyá náà.

Màmá fa àpótí ìjókòó síwájú rẹ̀. Èdè tí àlejò gbọ́ ló fi dáhùn lọ́tẹ̀ yìí: "Ilé ìdáná ṣeé tún kọ́, ọkọ ò ṣeé sin lẹ́ẹ̀mejì. Jókòó, ọmọ mi, kí o jẹun."

Láńrewájú ló mọ ilé ìdáná tuntun náà. Lọ́jọ́ tó parí, ó ń wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ilé, ó sì ń kan èèkàn sí i, Monica di orí okùn mú.

"Ẹsẹ̀ bàtà mélòó?"

"Márùn-ún. Kí ẹni méjì lè máa rìn ín pọ̀."

"Àwọn wo ni ẹni méjì ọ̀hún?"

"Èmi rèé. Ó ku ẹnì kejì, bí ó bá gbà mí lọ́kọ."

Monica fi okùn sílẹ̀. Ó gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì kan èèkàn tó kù mọ́lẹ̀ títí orí rẹ̀ fi bá ilẹ̀ dọ́gba.

"Èyí," ó ní, "mi ò ní fà á tu."