Iná Tó Ń Rìn Lẹ́yìnkùlé

Òwúrọ̀ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ bo Àkúrẹ́ ni ikú wọ ilé adìẹ Akíntóyè. Kò já wáyà, kò sì fi ìyẹ́ kan sílẹ̀. Nígbà tí Bísọ́dún, ìyàwó rẹ̀, ṣílẹ̀kùn láti bu oúnjẹ sílẹ̀, ó bá òròmọdìẹ mélòó kan tí wọ́n sùn léra wọn ní igun kan, ẹnu wọn là sílẹ̀, ara wọn ti le. Kò sí ojú ọgbẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣàjèjì ni pé awọ wọn pọ́n, ó pọ́n ju ti àwọn tó wà láàyè lọ.

Àdánù náà kì í ṣe kékeré. Olùkọ́ ni tọkọtaya náà, ọdún tó le sì ni, nígbà tí owó oṣù olùkọ́ máa ń pẹ́ títí èèyàn yóò fi gbàgbé pé òun ń retí rẹ̀. Akíntóyè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ilé adìẹ náà lẹ́yìn ilé wọn ní Arákálẹ̀: pákó àlòkù, nẹ́ẹ̀tì onírin, páànù tó ti dógùn-ún, àti ẹ̀rún pákó tó tọrọ nílé ìlapákó láti fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Kí pákó lè tó o, ó kàn án mọ́ ògiri yàrá tí Màmá, ìyá rẹ̀, àti Lọpẹ́, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń sùn. Fèrèsé àtijọ́ kan wà lára ògiri náà. Pákó ni wọ́n kàn fi dí i. Nítorí pé kẹrosíìnì ti di ohun olówó, ìkòkò èédú ni wọ́n ń gbé sáàárín àwọn òròmọdìẹ lálẹ́ kí òtútù má baà pa wọ́n. Wọ́n fi ọ̀rá dúdú bo wáyà.

Ikú náà padà wá, ó sì tún padà. Kì í wá lójoojúmọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà wọ́n: ó dà bí ẹni tó ń yan ọjọ́. Lọpẹ́ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í jí pẹ̀lú orí fífọ́.

"Ìyá Lọpẹ́, ẹ̀yin ń wá àrùn kiri," Kíkẹ́ aránṣọ, aládùúgbò wọn, sọ láti ẹ̀yìn odi. "Ìgbà wo ni Màmá dé láti Oǹdó?"

"Ó ku díẹ̀ kí ọdún Kérésì dé ni."

"Ìgbà wo ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kú?"

Bísọ́dún rẹ́rìn-ín. "Ìgbà náà ni ọyẹ́ dé. Ṣé ọyẹ́ náà ń ṣe àjẹ́ ni?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, tíṣà. Mo rí iná tó ń rìn lẹ́yìnkùlé yín. Kò ga, kò sì jó. Ó kàn pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú ni."

Ẹ̀rín náà kò bá Bísọ́dún wọ yàrá. Lóru ọjọ́ yẹn, òwìwí ké lórí igi àgbálùmọ̀, Bísọ́dún sì dìde lọ síbi fèrèsé. Iná náà jáde láti ilé adìẹ. Ó pọ́n, kò sì ga ju ikùn èèyàn lọ. Lókè rẹ̀ ni ojú Màmá wà, láìsí gèlè, gbogbo ìhunjọ rẹ̀ kún fún òjìji. Ó kọjá sápá ilé ìdáná, ó sì wọnú òkùnkùn lọ. Kò sí òròmọdìẹ tó kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ka òkú tí kò sí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ lọ ṣe nílé adìẹ lóru?" Akíntóyè bèèrè.

"Ta ló rí mi?"

"Èmi ni, Màmá," Bísọ́dún dáhùn, ojú rẹ̀ ń wolẹ̀.

Ìyá àgbà náà wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. "Akíntóyè, ìwọ tí mo fi ẹ̀yìn yìí pọ̀n, ṣé ó yẹ kí n máa ṣàlàyé òtútù fún ọ?"

"Òtútù wo, Màmá? Adìẹ ń kú! Orí ń fọ́ ọmọ mi!"

"Ó dáa," ni Màmá wí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Akíntóyè sin Màmá dé ibùdókọ̀ kó padà sí Oǹdó, ó sì padà wá pẹ̀lú òòlù. Kíkẹ́ ti sọ fún un pé ẹyẹ àjẹ́ kò nílò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Ó fi ọ̀rá mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀, ó fi àkísà dí gbogbo ojú pákó tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Nítorí pé ọyẹ́ le sí i, èédú kún ìkòkò dé ẹnu.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo òròmọdìẹ náà ti kú.

Bísọ́dún kò tíì sunkún tán kó tó rántí pé Lọpẹ́ kò tíì jí. Ó pè é. Ó mì ín. Ọrùn ọmọ náà rọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì pọ́n wẹ̀ẹ̀.

"Ó ti nawọ́ láti Oǹdó mú un!" Kíkẹ́ ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ pe pásítọ̀!"

Pípọ́n yẹn ló mú Bísọ́dún dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ni àjẹ́ ń mu, ṣé kò yẹ kí ara ohun tó bá pa funfun ni? Bí Màmá bá sì ni, kí ló dé tí ikú fi le sí i lẹ́yìn tó lọ? Láàárọ̀ tó tẹ̀lé òru tí òun rí iná náà tó ń rìn, adìẹ kankan kò kú. Ó gbọ́ òórùn èédú. Láti inú àlàfo pákó fèrèsé àtijọ́ ló ti ń wá, ó ń rọra wọlé bí ẹni tó mọ ilé.

"Kò sí ẹni tó nawọ́! Akíntóyè, èéfín ni! Ilé tí a dí pa ni!"

Ó gbé ọmọ náà jáde sínú atẹ́gùn ọyẹ́, ó sì sáré gba títì lọ sílé ìwòsàn láìwọ bàtà. Nọ́ọ̀sì ní èéfín èédú ló mú kí ara rẹ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ti ga kí Lọpẹ́ tó bì, kó tó wúkọ́, kó tó bèèrè ibi tí Màmá wà.

Nígbà tí wọ́n padà délé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, Bísọ́dún rí ohun tó yẹ kó ti wò tẹ́lẹ̀: àpótí ìjókòó Màmá, eérú èédú ní òkìtì, àti aṣọ rẹ̀ kan tí iná ti jó lu. Nígbà tí eékún bá ń ro Màmá lóru, ìkòkò àwọn adìẹ ló ń gbé lọ síbẹ̀ láti yáná, á sì gbé e padà kí ilẹ̀ tó mọ́; òru bẹ́ẹ̀ ni adìẹ kì í kú. Akíntóyè ti sọ lójú rẹ̀ pé èédú náà kò tó fún adìẹ pàápàá. Ojú sì ti Màmá láti tọrọ iná nílé ọmọ.

Bísọ́dún lọ sí Oǹdó. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹni tí ẹ ti pè ní àjẹ́, kí ló fẹ́ sọ tí kò ní dà bí ògèdè létí yín?"

"Ẹ foríjì wá, mà. Ẹ jẹ́ ká padà. A ti ṣí gbogbo ojú ilé adìẹ náà. Lọpẹ́ ń bèèrè yín."

Màmá fa aṣọ bo eékún rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó gbọ́ orúkọ ọmọ náà, ẹ̀rín náà sì kú.

"Bí mo bá padà," ó wí, "tí nǹkan mìíràn bá kú ńkọ́?"

Bísọ́dún wá èsì sí i gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wá ìdí ọ̀rọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí i.