Apirọrọ Méjì

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni Nọ́ọ̀sì Kékeré ti kọ́kọ́ rí i. Ọmọkùnrin náà dùbúlẹ̀ gbalaja, ó pa ojú dé, wọ́n sì ti fi atíkè kùn ún lójú kí ó lè jọ ẹni tó dákú.

Ìdíje ìtọ́jú pàjáwìrì ni, láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà ní kíláàsì ìparí. Ẹni tó bá gba ipò kìíní yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Láti kékeré ni ọmọbìnrin náà ti ń di báńdéèjì mọ́ ẹsẹ̀ àga, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Màmá rẹ̀, aránṣọ tó ń dá gbọ́ bùkátà ilé, ti kìlọ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ọmọ mi, ọ̀nà kan ṣoṣo tá a ní nìyí. Bí o ò bá yege, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dúró dè ẹ́ nílé."

Ó kúnlẹ̀ ti ọmọkùnrin náà. Ó fetí sí mímí rẹ̀, ó di apá rẹ̀, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jẹ́jẹ́. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Inú nọ́ọ̀sì àgbà tó ń fún wọn ní máàkì ti ń dùn. Ìgbà náà ló wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kù kò ṣe: ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí etí ẹni tó dákú.

"Má bẹ̀rù. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ. Mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀."

"Mo gbọ́," ni ẹni tó dákú dáhùn.

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà yára fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Òfin sọ pé bí aláìsàn bá sọ̀rọ̀, máàkì ìdánwò náà ti wọgbó. Nọ́ọ̀sì àgbà ní ó dun òun, àmọ́ òun kọ́ lòun ṣòfin. Báyìí ni Nọ́ọ̀sì Kékeré ṣe gba ipò kejì. Ìwé ìkọ̀wé àti àtẹ́wọ́ sì ni wọ́n ń fún ipò kejì.

"Ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ," ni màmá rẹ̀ pariwo nígbà tó gbọ́. "Èyí tiẹ̀ jí fúnra rẹ̀, ó sì fi jíjí rẹ̀ ba nǹkan ọmọ mi jẹ́!"

Ọjọ́ náà ni orúkọ ọmọkùnrin náà ti di Apirọrọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó yọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Màmá tó wà níwájú ilé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

Màmá ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ lọ, kò wo ibi tó dúró sí.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè padà díje lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ọmọ yín bá nílò ènìyàn tí yóò máa fi kọ́ṣẹ́, èmi nìyí."

Nọ́ọ̀sì Kékeré, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá rẹ̀, na ìka sí bẹ́ǹṣì tó wà níta. "Dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Bó o bá tún sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ ni màá kọ́kọ́ di ní báńdéèjì."

Gbogbo Sátidé ọdún náà ló fi ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Oníbàárà kan bá a lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti wé e láti orí dé orúnkún.

"Yéè! Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé mọ́tò ló gbá ẹ ni?"

"Rárá o, Mà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

Nọ́ọ̀sì Kékeré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìdíje tún dé, ọmọlangidi ńlá onírọ́bà ni wọ́n gbé kalẹ̀, torí ọmọlangidi kì í dáhùn. Nọ́ọ̀sì Kékeré di apá rẹ̀, ó yí i, ó sì sọ sí i létí: "Má bẹ̀rù. Mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀." Àwọn ènìyàn tún rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì àgbà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fún un ní máàkì tó pé.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló ti bá Apirọrọ tó ń nu ojú.

"Mo gba ipò kìíní, ò ń sunkún! Kí ló dé?"

"Ọmọlangidi yẹn ni mò ń jowú."

Nọ́ọ̀sì Kékeré mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Kò sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìwé ló kàn. Ó kàwé jáde, ó di nọ́ọ̀sì gidi, Apirọrọ náà sì di káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà tó lọ bá màmá rẹ̀.

"Òun ni mo fẹ́, Màmá."

"Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ jẹ́? Ṣé ọkùnrin ti tán nílẹ̀ ni?"

"Mi ò ní fẹ́ ẹ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Àmọ́ mi ò ní fẹ́ ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ há síbẹ̀. Apirọrọ kan àpótí ìjókòó tó bá gíga ẹ̀rọ Màmá mu wẹ́kú, ó gbé e wá. Màmá gba àpótí, ó jókòó lé e, kò sì dáhùn ìkíni onítọ̀hún. Àgídí obìnrin yìí kì í ṣe kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń sinmi. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Apirọrọ, ló bá pa ojú dé. Ó tilẹ̀ ń hanrun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

Màmá túbọ̀ hanrun sí i. Káfíńtà náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo rí i pé ẹ ti sùn. Ọmọ yín ló kọ́ mi pé a máa ń bá ẹni tó sùn sọ̀rọ̀. Màmá, mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ìdíje yẹn. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo dàgbà sí. Wọ́n bọ́ mi, wọ́n wọ̀ mí láṣọ, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé òun ò ní fi mí sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ yín sọ ọ́, mo gbàgbé pé mo ti dákú."

Ìhanrun náà ti dáwọ́ dúró.

"Bí ẹ ò bá gbà, mi ò ní bínú, mi ò sì ní mú un sá lọ. Màá kàn ṣì máa wá kí yín. Mo ti sọ ọ́." Ó dìde.

Ojú Màmá ṣì wà ní pípadé, ṣùgbọ́n omi ti ń sàn ní abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Mo gbọ́," ló wí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ó bá àwọn méjèèjì lórí ìdúró, téèpù aránṣọ wà lọ́wọ́ Màmá.

"Gbé apá sókè. Kí lò ń gbọ̀n sí? Ṣé èmi náà fẹ́ dì ẹ́ ní báńdéèjì ni?"

"Màmá, kí lẹ ń wọ̀n?" ni ọmọ rẹ̀ béèrè.

"Aṣọ ọkọ ìyàwó ni. Àbí aṣọ tó kún fún eruku igi yìí ló máa wọ̀ wá gbé ẹ?"

Nọ́ọ̀sì fara ti ilẹ̀kùn, ó ń wò wọ́n. Apirọrọ gbé apá sókè bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un, ó sì sọ ohun tó máa ń sọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

Màmá fi téèpù lé e léjìká.

"Òo," ló dáhùn, "àna mi."